Mustang 1966 fún ìje orí pápá: ẹ́ńjìnì ló kàn ni, àbí bíréèkì?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé. Oṣù tó kọjá ni mo ra Mustang 1966 kan, ti Ford: ẹ́ńjìnì 289 (ínṣì kúbíìkì ni wọ́n fi ń ka ìtóbi rẹ̀), kábúrétọ̀ ẹlẹ́nu méjì, gíá ọtomátíìkì, bíréèkì dúrọ́ọ̀mù lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò dógùn-ún púpọ̀. Mo fẹ́ fi sá ìje. Kì í ṣe ìje tààrà ti ìdámẹ́rin máìlì o, ti orí pápá oníkọ́nà ni. Dọ́là 25,000 ni mo tù jọ. Àwọn kan ní àwọn á kọ́ ẹ́ńjìnì 427 fún mi ní 14,000, tó máa ní agbára ẹṣin 500, wọ́n sì fẹ́ gba àsansílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé muscle car, ọkọ̀ Amẹ́ríkà ẹlẹ́ńjìnì ńlá, ò mọ kọ́nà gbà, pé Miata ọmọdébìnrin, ọkọ̀ Mazda kékeré yẹn, á fi mí ṣẹ̀sín. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

*

Má sanwó ọjọ́ Ẹtì yẹn. Tí o bá ti ṣèlérí fún wọn, sọ pé ìyàwó ò gbà. Ó máa yé wọn.

Mo ti ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìbéèrè rẹ. Àwọn kan ní ẹ́ńjìnì ni ọkọ̀, pé ẹni tó ra muscle car tí kò fi agbára sí i, ẹṣin onígi ló gùn. Àwọn yòókù gbè sẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ: irin wúwo tí wọ́n ṣe fún títì tó tọ́ tọnran, kí ló ń wá ní kọ́nà? Mi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ ló yá dá lóhùn. Oṣù kejì ọdún 1965, ní pápá Green Valley nítòsí Fort Worth, ní Texas tìrẹ níbẹ̀ yẹn, awakọ̀ ìje Ken Miles gbé Mustang tí Carroll Shelby, ọ̀gá àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ ìje, tún ṣe jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì ṣe ipò kìn-ín-ní. GT350R ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Àwòrán kan wà láti ọjọ́ yẹn tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò kan ilẹ̀. Láti ọdún yẹn títí di 1967, ọwọ́ àwọn GT350 ni àmì ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ B-Production ti SCCA, àjọ ìje ọkọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Mustang ni Roy Pierpoint wà tó fi gba ife ìje ọkọ̀ saloon gbogbo ilẹ̀ náà ní 1965. Kọ́nà kún gbogbo pápá wọ̀nyẹn. Ẹ́ńjìnì wo ló sì wà nínú ti Shelby? 289 kan náà tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ ni. Ẹni tó ra èyí tí wọ́n ń tà fún ìgboro, ẹṣin 306 ni wọ́n kọ sí ìwé rẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́ńjìnì ni ọ̀rọ̀ wọn gùn. Tèmi ni pé ọkọ̀ rẹ ò ní kú nítorí àìlágbára. Ooru ni yóò pa á. Ìdámẹ́rin máìlì kì í sábà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Kí nǹkan tó gbóná, o ti débẹ̀. Orí pápá, ogún ìṣẹ́jú láìsinmi: bíréèkì ń jóná, ọ́ìlì ń jóná, omi rédíétọ̀ ń jóná, àtẹ́lẹsẹ̀ ìwọ tó ń wa ọkọ̀ náà ń jóná. Gbogbo ẹṣin tí o bá fi kún un, iná lo fi kún. Kọ́kọ́ wá ibi tí iná yẹn máa gbà jáde.

*

Ẹnì kan ní bíréèkì ò gba ife rí. Ó dáa, ẹ gbọ́ tèmi.

Mustang 1965 ni tiwa, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ará Ìjẹ̀bú, nínú gáréèjì rẹ̀ ní Georgia níbí. Ọdún kẹta tá a ti wà lẹ́nu ẹ̀ la gbé e lọ Road Atlanta. Máìlì 2.54 ni pápá náà, kọ́nà 12. Lápá ẹ̀yìn, ọ̀nà gbọọrọ kan sọ̀ kalẹ̀ lọ bá kọ́nà tí wọ́n ń pè ní 10a, ibẹ̀ sì ni bíréèkì ti ń jìyà jù. Ìyípo kẹfà. Mò ń bá nǹkan bíi máìlì 130 ní wákàtí bọ̀. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi bá rì wọlẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ tìmùtìmù. Mo yára fún un lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ó mú díẹ̀. Mo bá ara mi nínú òkúta wẹ́wẹ́, ẹ́ńjìnì ti kú, eruku ń ti ojú wíńdò wọlé. Nǹkan kan ò ṣe ọkọ̀. Ẹnu mi ló gbẹ, mi ò rí itọ́ gbé mì.

Ẹ̀bi wa ni. A ti ra dísìkì iwájú, a ti ra páàdì ìje olówó gọbọi, ṣùgbọ́n bíréèkì ọ́ìlì inú ẹ̀ ti lo ọdún méjì. Ọ́ìlì yẹn máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ bí iyọ̀ inú igbá nígbà òjò. Èyí tí wọ́n kọ DOT 4 sí lára, tó bá ṣì tuntun, kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C. Tó bá ti fa omi tán, 155 péré ni òfin ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀. DOT 3 tiẹ̀ burú jù, 205 ni nígbà tó bá wà ní tuntun, 140 nígbà tó bá ti mumi. Tó bá sì ti hó, atẹ́gùn ló kù nínú páìpù. Atẹ́gùn ò lè ti páàdì, ṣe ni yóò máa fún pọ̀ mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Ti ìje wà tó ń kọjá 300°C kó tó hó. Òun ni kí o rà, kí o sì máa pààrọ̀ ẹ̀ kí ìje kọ̀ọ̀kan tó dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mò ń sọ àsọdùn, ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Ọkọ̀ tó wúwo tó kílò 1,300, tó ń sá kìlómítà 200 ní wákàtí, tí o bá fi bíréèkì fà á wá sí 100, iná tó wọnú irin yẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó láti mú omi tútù lítà mẹ́rin àbọ̀ hó. Ẹ gbé omi lítà mẹ́rin àbọ̀ ka gáàsì kí ẹ wo bó ṣe ń pẹ́ tó. Ti ọkọ̀ náà ò pẹ́ rárá, ó sì tún máa hó òmíràn ní kọ́nà tó kàn. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, iná á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹṣin 500 lò ń gbèrò; ibi tí ẹṣin yẹn máa gbé ẹ dé kí o tó tẹ bíréèkì ni kí o rò.

Àwọn tó ti wa 504 akérò sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè mọ òórùn tí mò ń wí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mókọ́lá a máa ní gíá ni kéèyàn fi sọ òkè, kó fi bíréèkì pamọ́ de ewúrẹ́.

*

Ṣé kó wá ra dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Rárá o. Nígbà tí bíréèkì bá mú, gbogbo ẹrù ọkọ̀ ló ń dà síwájú. Dísìkì Kelsey-Hayes oní-ínṣì 11.3 ló wà níwájú GT350, dúrọ́ọ̀mù ńlá ló wà lẹ́yìn, ó sì gba ife bẹ́ẹ̀. Fi owó dísìkì ẹ̀yìn ra páìpù rọ́bà oní-ínṣì mẹ́ta méjì, kí o fi wọ́n gbé atẹ́gùn láti iwájú ọkọ̀ wá sí àárín dísìkì. Lẹ́yìn ìgbà tí o bá jáde nínú pápá, yọ táyà, wo páàdì. Tí etí rẹ̀ bá ti funfun bí eérú, tó ń bu wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́, atẹ́gùn ò dé ibẹ̀. Ìgbà tó bá dúdú tó sì ń dán díẹ̀ ni kí o lọ jẹun.

*

Ọmọkùnrin kan láti Dallas ní kí o gé iwájú ọkọ̀ náà dànù, kí o gbé Coyote 5.0, ẹ́ńjìnì Ford ìgbàlódé, sí i, kí o fi ẹsẹ̀ ìgbàlódé sẹ́yìn, kí ọ̀rọ̀ tán. Ó ṣe tiẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń jẹ̀gbádùn ẹ̀. Mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n kò bi ọ́ léèrè pé ta lo fẹ́ bá sá.

Tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ sanwó wọ pápá lọ́jọ́ Sátidé, kí o máa yí po, kí ẹnikẹ́ni má ka ipò, kọ́ ohun tó bá wù ọ́. Tó bá jẹ́ ìje àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn àjọ SVRA àti HSR ń ṣe ní Amẹ́ríkà níbí, ìwé òfin ló máa yan ẹ́ńjìnì, táyà àti bíréèkì fún ẹ. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ̀wé láti London sọ pé tiwọn tún le jùyẹn lọ, òótọ́ ló sọ: Appendix K, ìwé òfin FIA, àjọ ìje ọkọ̀ àgbáyé, ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé ìrìnnà tiẹ̀, HTP, bí ìgbà téèyàn gba físà. Trans-Am, ìje orí pápá Amẹ́ríkà fún irú ọkọ̀ wọ̀nyí, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1966, ẹ́ńjìnì tó tóbi jù níbẹ̀ ò ju lítà márùn-ún lọ. 427 jẹ́ lítà méje. Wàá ti ná 14,000 tán kí wọ́n tó sọ fún ẹ ní géètì pé ìwọ ò sí nínú ẹgbẹ́ àwọn 289, lọ bá àwọn òmìrán ṣeré.

Shelby fúnra ẹ̀, ìwé òfin ló kọ́kọ́ kà. Mustang ní ìjókòó mẹ́rin, àwọn SCCA sì ní ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì nìkan ló lè wọ ẹgbẹ́ tó ń wá. Ó yọ ìjókòó ẹ̀yìn, ó ti táyà àpamọ́ síbẹ̀, ó di ẹlẹ́ni méjì. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ṣe ọkọ̀ ọgọ́rùn-ún kó tó lè wọlé, ó ṣe ọgọ́rùn-ún.

Mo mọ ẹnì kan tó gé ilé sípíríǹgì iwájú Mustang rẹ̀ dànù kó lè ráyè fi ẹ́ńjìnì ńlá sí i. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló wá fẹ́ bá àwọn ọkọ̀ àtijọ́ sá. Ọkọ̀ mìíràn ló padà rà. Ti àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ títí dòní, adìyẹ gan-an ò sùn sínú rẹ̀.

Ka ìwé òfin kí o tó mú ayùn.

*

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ wá kù, ìyẹn sípíríǹgì, sọ́kì àti àwọn apá tó di táyà mú. Ibí ni owó kékeré ti ń ṣe iṣẹ́ ńlá, ibí náà sì ni wọ́n ti ń purọ́ jù fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bí Mustang ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde, tó bá wọ kọ́nà, ara rẹ̀ á tẹ̀ síta, táyà tó wà lápá ìta á tẹ̀ lé e, á wá fi èjìká dúró dípò àtẹ́lẹsẹ̀. Klaus Arning, ẹnjiníà kan ní Ford, ló rí ọgbọ́n ẹ̀: tí wọ́n bá sọ ibi tí apá òkè ẹsẹ̀ iwájú ti so mọ́ ara ọkọ̀ kalẹ̀ ní ínṣì kan péré, orí táyà á máa tẹ̀ sínú bí ara ọkọ̀ ṣe ń tẹ̀ síta, gbogbo ìpìlẹ̀ táyà á sì jókòó sórí títì. Ihò mẹ́rin lásán ni, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Àwọn GT350 ti 1965 ní i. Nígbà tí wọ́n dé àárín ọkọ̀ 1966, wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí owó.

A fi ọ̀sán Sátidé kan ṣe tiwa. Ọ̀rẹ́ mi lẹ tẹ́ẹ̀pù aláwọ̀ búlúù mọ́ irin, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó pè mí kí n wá bá òun wọ̀n ọ́n, ó fi ìṣó lu àmì sí i. Ó wá gbé dírílì, ó sì lu ihò àkọ́kọ́ sójú ìlà tí kì í ṣe òun. A ní láti wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pa, ká lọ̀ ọ́, ká tún un lù. Síbẹ̀, ohun tá a fi ṣe gbogbo ẹ̀ ò tó owó táyà kan. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ wà á, ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló kọ́ ọkọ̀ náà.

Ilé tí sípíríǹgì iwájú jókòó sí náà, ẹ má gbàgbé ẹ̀. Bíbọ́ sí kòtò, bíbọ́ sí kọ́nà, ilé méjèèjì á máa sún mọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í là. Fi ìka tẹ́ ẹ wò lábẹ́ ọ̀dà, o lè bá ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Wẹ́ẹ̀dì ẹ̀ dáadáa, kí o fi irin ìdábùú dè wọ́n pọ̀ mọ́ ògiri iwájú ọkọ̀.

Ẹnì kan ní sípíríǹgì pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn yẹn, ti bọ́lẹ̀kájà ni. Bọ́lẹ̀kájà náà sì nìyí o, tó gba Trans-Am fún Ford àti Chevrolet lọ́dún dé ọdún. Áàsùlù ẹ̀yìn wọn ò yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ akérù: irin kan gbọọrọ láti táyà dé táyà. Wàhálà rẹ̀ ni pé tí agbára bá dé sí i, ó fẹ́ yí ara rẹ̀ ká, sípíríǹgì á ká kòrókòró, táyà á máa fò. Ọ̀pá tó máa dá a lẹ́kun ni Shelby fi sí i, pẹ̀lú sọ́kì Koni. Ra ọ̀pá, ra sọ́kì gidi. Sípíríǹgì tó bá le jù, àwọn ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ràn ẹ̀, ọkọ̀ á le bíi pákó. Òjò á rọ̀ díẹ̀, wàá máa yọ̀ bí ẹní tẹ ilá.

*

Bàbá kan tó ní òun rí irú ọkọ̀ yìí ní Èkó láyé Gowon ń bi wá pé ṣé kò sí bá a ṣe lè fi sáílẹ́ǹsà sí i ni, pé ayọ́kẹ́lẹ́ ló yẹ kí ọkọ̀ máa jẹ́.

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ mú mi rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, èyí ò yọ́ níbì kankan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ kẹ́lẹ́. Aládùúgbò wa kan ti pe ọlọ́pàá sí wa rí lágogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ kì í ṣe àwàdà lásán: Laguna Seca ní California ń wọn ariwo, ọkọ̀ tó bá kọjá òṣùwọ̀n á padà sílé. Lime Rock ní Connecticut, kò sí ìje níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú rárá. Àbúrò, béèrè ti pápá tó wà nítòsí rẹ kí o tó ra páìpù èéfín. Kí o sì máa di etí. Tèmi lápá òsì, fóònù tí mo bá gbé sí i, bí ẹni pé ẹni náà wà nínú ìkòkò ló ń sọ̀rọ̀.

*

A ti ṣáko lọ. Ọ́ìlì.

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tó kú sórí pápá, bí wọ́n ṣe ń kú ni pé ọ́ìlì wà nínú wọn, àmọ́ kò sí níbi tí ẹnu pọ́ǹpù wà. Lábẹ́ 289 rẹ, àwo ọ́ìlì náà jìn níwájú, ibẹ̀ ni ẹnu pọ́ǹpù ti ń mu. Tí o bá tẹná mọ́lẹ̀, ọ́ìlì á sá lọ sẹ́yìn. Tí o bá wọ kọ́nà tó gùn, á gun ògiri bí ọbẹ̀ inú abọ́ tí ọmọdé gbé sáré. Ẹnu pọ́ǹpù á wá máa mu afẹ́fẹ́. Lójú ìgboro, ìṣẹ́jú àáyá kan ni, kò ní pa á. Lórí pápá pẹ̀lú táyà ìje Hoosier tó ń di ilẹ̀ mú, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta mẹ́rin ni, ní ìyípo kọ̀ọ̀kan.

Bí tiwa ṣe nọ́ọ̀kì nìyẹn. Nínú kọ́nà ọ̀tún kan, mo rí ọwọ́ géèjì ọ́ìlì tó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, tó tún gòkè padà bí mo ṣe jáde. Mo ní géèjì ló ń ṣeré. Ìyípo mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ọ: kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn lọ́wọ́ alẹ́. Nígbà tá a tú u, bẹ́árì ọ̀pá kejì ti di dúdú, ó ti fẹ́lẹ́ bíi bébà sìgá, kiránkì ti họ. Àwo ọ́ìlì ìje tó gbòòrò, tó ní ìlẹ̀kùn kéékèèké nínú tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé síwájú tí kì í jẹ́ kó padà jáde, ì bá ti gbà wá. Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀; mo ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀.

Fi rédíétọ̀ ọ́ìlì sí i pẹ̀lú. Ní ti omi, má da kúláǹtì sí i. Ọ̀pọ̀ àjọ ló kà á léèwọ̀ nítorí pé tó bá dà sílẹ̀, títì á di ilá. Omi lásán, pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún. Dí gbogbo àyè tó wà láàárín iwájú ọkọ̀ àti rédíétọ̀ pẹ̀lú páànù, kí atẹ́gùn má lè gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, owó ò wọ̀ ọ́.

*

Mo rí i pé inú ti ń bí ẹnì kan: "Ṣé ẹ́ńjìnì wá di nǹkan yẹ̀yẹ́ ni?"

Rárá, ọ̀gbẹ́ni. Ipò rẹ̀ nínú ìlà ni mò ń sọ. Tún 289 yẹn kọ́: tọ́ọ̀pù tó ń mí dáadáa, káàmù tó bá a mu, kábúrétọ̀ Holley ẹlẹ́nu mẹ́rin, kí wọ́n sì ṣètò fúlóòtì rẹ̀ kí epo má máa já nínú kọ́nà. Ẹṣin 300 àti díẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú sàn ju 500 tó ń ṣiṣẹ́ fún márùn-ún. Awakọ̀ Mark Donohue gba mẹ́wàá nínú ìje Trans-Am mẹ́tàlá ní 1968 pẹ̀lú Chevrolet Camaro Z/28 ti ẹgbẹ́ ìje Roger Penske. Ẹ́ńjìnì 302 ló wà nínú ẹ̀. Chevrolet mú búlọ́ọ̀kù 327, wọ́n fi kiránkì 283 sí i, kó má bàa kọjá lítà márùn-ún. Níbo ni Penske wá ti ń wá àǹfààní? Ní ìwúwo. Wọ́n ti ri ara ọkọ̀ kan sínú ásíìdì kó lè fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá lè yọ kílò kan dànù ti jẹ èrè ní kọ́nà, ó ti jẹ ẹ́ nínú bíréèkì, ó ti jẹ ẹ́ nínú táyà. Ẹṣin kan, ojú ọ̀nà gbọọrọ nìkan lo ti máa rí i.

Ọtomátíìkì yẹn gbọ́dọ̀ lọ o. Wá gíá mẹ́rin, Toploader ti Ford tàbí BorgWarner T-10. Ooru ọtomátíìkì nìkan tó ogun.

*

Àgò irin, èyí tí wọ́n ń kọ́ yí awakọ̀ ká kí ọkọ̀ má bàa tẹ̀ ẹ́ pa tó bá dojú dé. Mi ò ní gùn ún, nítorí mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí.

Àwọn méjì ti kọ ọ́ pé àwọn á fi páìpù tó wà nílẹ̀ ṣe é, pé wẹ́dà àdúgbò àwọn mọ iṣẹ́. Páìpù omi kọ́. Ìwé òfin àjọ tí o fẹ́ bá sá ló máa sọ irú irin àti bó ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Páìpù tí wọ́n fà láìsí ojú ìwẹ́ẹ̀dì lára ni ọ̀pọ̀ wọn ń bèèrè. Kí ẹni tó ti ṣe ti ìje rí ṣe é. Táńkì epo Mustang, òun fúnra ẹ̀ ni ilẹ̀ búùtù. O ṣí búùtù, orí táńkì lo ń gbé ẹrù lé. Láàárín búùtù àti ẹ̀yìn rẹ, páálí ni wọ́n fi dá a. Ẹni tó bá gbá ẹ látẹ̀yìn, epo á bá ẹ nínú ìjókòó. Fi páànù dí ibẹ̀ pa, kí o ra táńkì ìje tó ní àpò rọ́bà nínú. Bẹ́líìtì, okùn tó ń di ọrùn mú, aṣọ tí kì í gbiná, ohun ìpaná. Kọ́kọ́ yọ owó ìwọ̀nyí sọ́tọ̀ nínú 25,000 yẹn kí o tó ka èyí tó kù.

*

Arábìnrin tó ní Miata ti dé. Ó ní òun kì í ṣe ọmọdébìnrin, ọmọ mẹ́ta lòun bí, pé kí ọ̀rẹ́ ẹni tó béèrè wá bá òun ní pápá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé tó bá wọ pápá lónìí, ẹ máa kọjá lára ẹ̀. Ọkọ̀ yín fúyẹ́, kì í yára gbóná, ó sì ń jẹ́ kéèyàn mọ àṣìṣe ara ẹ̀. Àbúrò, ohun tí mo máa ṣe ká ní èmi ni ọ́ nìyí: tí Mustang yẹn bá ṣì wà lórí jáàkì, lọ háyà Miata fún ọjọ́ méjì mẹ́ta ní pápá, kí o kọ́ ibi tí wọ́n ti ń tẹ bíréèkì, kí o kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí gíá wálẹ̀ láì fa táyà. Agbára ẹṣin máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò tú u.

*

Àbúrò náà ti dáhùn. Ó ní òun ò sanwó ọjọ́ Ẹtì mọ́, pé òun ti ka ìwé òfin, 289 náà wà nínú ẹ̀. Ó ti ra dísìkì iwájú àti bíréèkì ọ́ìlì ìje, ó ti so wọ́n mọ́ ọkọ̀. Ó ní òun ti yọ atẹ́gùn inú ẹ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ òun ṣì ń rì.

Ẹsẹ̀ wo lo ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o bọ́ sí ẹ̀yìn òsì, lẹ́yìn náà iwájú ọ̀tún, kí o fi iwájú òsì parí ẹ̀. Ibi tó jìn jù sí másítà, pọ́ǹpù tí ẹsẹ̀ rẹ ń tì, lo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wo àwọn kálípà náà, àwọn tó ń fi páàdì há dísìkì: tí nọ́ọ̀tì tí o ń tú láti yọ atẹ́gùn bá wà nísàlẹ̀ dípò òkè, o ti fi tọ̀tún sí tòsì, atẹ́gùn ò ní jáde títí ọ̀la. Másítà ńkọ́? Ti dúrọ́ọ̀mù ló ṣì wà níbẹ̀, àbí o ti pààrọ̀ ẹ̀? Ti dúrọ́ọ̀mù ní fáàfù kékeré kan lẹ́nu tó máa ń fi agbára díẹ̀ sílẹ̀ nínú páìpù. Kò bá dísìkì mu, páàdì á máa fara nu dísìkì, á sì máa jóná láìtẹ̀ ẹ́. Pààrọ̀ ẹ̀. Da ọ́ìlì tó jáde nù, má dà á padà.

Tí o bá ṣe gbogbo ẹ̀ tán, tí ẹsẹ̀ rẹ sì ṣì rì, ya fọ́tò kálípà méjèèjì sí mi kí o tó sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ lórí jáàkì.